"Se a vida é" ti Pet Shop Boys (1996): Ìlù Olodum dà nínú rẹ̀?

Agbọ́hùn-Orin

Mo kí gbogbo ilé o. Bí a bá dárúkọ Pet Shop Boys láàárín wa, "West End Girls" tàbí "It's a Sin" ni àwọn ènìyàn máa ń rántí, tàbí "Go West" tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti sọ di orin orí pápá. Orin tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. "Se a vida é (That's the Way Life Is)" ni àkọlé rẹ̀ ní kíkún. Oṣù kẹjọ ọdún 1996 ni ilé-iṣẹ́ Parlophone gbé e jáde, ó sì dé ipò kẹjọ lórí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ipò kẹjọ kì í ṣe ohun àbùkù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ti gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún 1986 sí 1988 ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà orin yìí kì í sábà sí lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ń ka iṣẹ́ wọn.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, àwọn méjì péré ni. Neil Tennant, ẹni tó ń kọrin, jẹ́ ọmọ North Shields ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìròyìn ló sì ń ṣe ní ìwé ìròyìn orin Smash Hits kí orin tó di iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀. Chris Lowe, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, jẹ́ ọmọ Blackpool, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló sì ń kọ́ nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ìgbọ́hùn ní King's Road ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti pàdé lọ́dún 1981. Láti ìgbà náà, kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ìlù, àti ohùn Tennant tí kì í pariwo ni iṣẹ́ wọn dúró lé.

Ohun tó mú mi gbé orin yìí wá síwájú yín ni pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí orin "Estrada da Paixão" ti ẹgbẹ́ Olodum ni wọ́n kọ́ ọ lé, ìyẹn Olodum ti ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Brasil, ẹgbẹ́ tó fa orúkọ rẹ̀ yọ láti ara Olódùmarè. Ní ìparí ọdún 1994, Tennant àti Lowe gbé eré wọn dé Mexico, Colombia, Chile, Argentina àti Brasil, ipa tí ìrìn àjò náà ní lórí wọn sì hàn gbangba nínú álúbọ́ọ̀mù Bilingual tí orin yìí wà nínú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ohùn orin ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Bahia. Wọ́n fi ìlù sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá a, mo sì gbà pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onílù ni gbogbo ayé mọ Olodum sí. Kí ènìyàn dé ọ̀dọ̀ onílù kí ó má gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èrò yín.

Ọ̀jẹ̀-Wẹ́wẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú, ojú tí èmi fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀. Paul Simon, akọrin ará Amẹ́ríkà, ti lọ sí Bahia, Michael Jackson ti lọ, àwọn méjì yìí náà tún wá fi kún un. Gbogbo wọn ló bá àwọn ènìyàn wa níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì gbé ohun tó mú owó wọlé kúrò níbẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé èyí tí òkìkí rẹ̀ kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ fẹ́ kí a jókòó tì? Mo gbọ́ orin náà, ó dùn létí, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tíì sọ pé ó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Olodum, n kò ní fura rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́-Bahia

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi Ọ̀jẹ̀-Wẹ́wẹ́, ohun tí o sọ kẹ́yìn yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí Olodum ti ṣẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí a máa pe gbogbo wọn ní "àwọn ènìyàn wa" láìmọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Oṣù kẹrin ọdún 1979 ni wọ́n dá Olodum sílẹ̀ ní àdúgbò Maciel-Pelourinho, ní àárín ìlú Salvador àtijọ́. Òpó tí wọ́n ti ń na àwọn ẹrú ní gbangba ni àdúgbò náà ti gba orúkọ. Lóde òní, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kún ibẹ̀, àjọ UNESCO sì ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 1985, ṣùgbọ́n nígbà tí Olodum bẹ̀rẹ̀, àwọn òtòṣì aláwọ̀ dúdú ló ń gbé nínú àwọn ilé ńláńlá tó ti ń wó. Ẹgbẹ́ kan ti ṣíwájú wọn, Ilê Aiyê, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1974 ní àdúgbò Liberdade, orúkọ tirẹ̀ náà kò sì ṣòro fún ẹnikẹ́ni nínú wa láti mọ orírun rẹ̀. Nígbà náà, àwọn ẹgbẹ́ tó lówó lọ́wọ́ tí ń jó kiri ìgboro nígbà kànífà, àjọ̀dún ọdọọdún wọn, kì í fẹ́ gba ọmọ aláwọ̀ dúdú sáàárín wọn. Ilê Aiyê ló kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ adúláwọ̀ jáde lẹ́gbẹ́ tiwọn, Olodum sì gba ọ̀nà kan náà.

Láti inú Ilê Aiyê ni ọ̀gá onílù tí wọ́n ń pè ní Neguinho do Samba ti wá sí Olodum. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ṣẹ̀dá ìlù samba-reggae. Ó mú sáńbà tí àwọn ará Bahia ń lù tẹ́lẹ̀, ó dín eré rẹ̀ kù, ó sì fi ìmísí régè ilẹ̀ Jàmáíkà sí i, ní àkókò tí orin Bob Marley ti di ohùn àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní Salvador. Ní kànífà ọdún 1987, orin wọn tó dá lórí Fáráò àti ilẹ̀ Íjíbítì gba ìlú kan, láti ìgbà yẹn ni òkìkí wọn sì ti kọjá Bahia.

Wàyí o, ìrìn àwọn mẹ́ta tí o dárúkọ yẹn kò rí bákan náà. Paul Simon gba ìlù: ní Pelourinho níta gbangba ni wọ́n ti gba ohùn ìlù Olodum sílẹ̀ fún "The Obvious Child" ti ọdún 1990, ó sì wá kọ orin tirẹ̀ lé ìlù náà lórí. Michael Jackson gba àwòrán: ní oṣù kejì ọdún 1996, òun àti Spike Lee tó ń darí fíìmù ya fídíò "They Don't Care About Us" ní Pelourinho àti ní àdúgbò Dona Marta ní Rio, àwọn ọmọ Olodum sì ń lùlù yí i ká. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Pet Shop Boys gbé ti wọn jáde. Àwọn wọ̀nyí ló gba orin fúnra rẹ̀, ohùn àti ègbè. Bí o bá wo ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ṣẹ̀dá orin sí, wàá rí orúkọ mẹ́ta lẹ́yìn ti Tennant àti Lowe: Ademario, Wellington Epiderme Negra àti Nego do Barbalho. Àwọn ọmọ Bahia nìyẹn.

Ọmọ-Àyàn

Mo ti gbọ́ orin méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, mo sì fẹ́ sọ ohun tí etí onílù gbọ́.

Nínú ìlù Olodum, àwọn ìlù ńlá tí wọ́n ń pè ní surdo ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Wọn kì í dún lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì tí ohùn wọn wà nísàlẹ̀ jù lọ a máa pe ara wọn, wọn a sì máa dá ara wọn lóhùn. Àwọn surdo yòókù tí ohùn wọn lọ sókè díẹ̀ a máa gé sí àárín wọn. Lókè wọn ni repique wà, tí wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lù, àti caixa tí ń dún gbì-rì-rì láìdúró. Ẹni tó bá ti jókòó ti agbo dùndún tàbí bàtá rí yóò mọ irú ìpín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. N kò sọ pé ọ̀kan bí èkejì. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí o bá yọ ìlù kan kúrò nínú rẹ̀, àyè tó ṣófo yóò hàn, nítorí pé ìlù kan kò parí gbólóhùn rẹ̀ láìsí èkejì.

Nínú àwo Pet Shop Boys, ìlù ẹ̀rọ tó ń lọ déédéé ló wà nísàlẹ̀, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú orin ilé ijó ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ìlù kéékèèké ń mì lẹ́yìn rẹ̀, ohùn fèrè sì ń wọlé láti mú un lárinrin, ṣùgbọ́n kò sí ìlù tó ń bi ìlù léèrè. O lè yọ ọ̀kan nínú àwọn ìlù kéékèèké náà kí orin sì máa lọ láìsí ìyàtọ̀ gidi. Wọ́n ra ọbẹ̀, wọn kò gba ìkòkò. Nítorí náà mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n Agbọ́hùn-Orin pé wọ́n fi ìlù sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí èyí kò tíì hàn sí mi.

Ará-Peckham

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1996 dá sí i. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè má mọ bí orin yìí ṣe ṣàjèjì tó lórí rédíò. Ìgbà náà gan-an ni gìtá gba gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oasis àti Blur ni gbogbo ẹnu ń sọ, ìdíje bọ́ọ̀lù Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nílẹ̀ wọn, àsíá sì wà níbi gbogbo. Nígbà tí "Se a vida é" jáde, Spice Girls ló wà ní ipò kìíní pẹ̀lú "Wannabe", ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni wọ́n sì fi jókòó síbẹ̀. Ní àárín gbogbo ariwo "orílẹ̀-èdè wa, orin wa" yìí ni àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ti lé ní ọdún márùndínlógójì gbé orin tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ èdè Potogí jáde, inú álúbọ́ọ̀mù tí wọ́n pè ní Bilingual. Orin kan tó wà lẹ́yìn àwo "Se a vida é" fúnra rẹ̀ tiẹ̀ ń jẹ́ "How I Learned to Hate Rock 'n' Roll". Wọn kò fi ibi tí wọ́n dúró sí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Owó rẹ̀ ni wọ́n san. Very, álúbọ́ọ̀mù wọn ti ọdún 1993, gba ipò kìíní. Bilingual dúró sí ipò kẹrin. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí orin nígbà náà kàn rò pé ẹgbẹ́ náà ti ń darúgbó ni. Ní ojú tèmi, ìgboyà wọn pọ̀ ju ti àwọn onígìtá tí gbogbo ayé ń pọ́n lé lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ ìlù, mo fẹ́ kí Ọmọ-Àyàn rántí irú akọrin tí Tennant jẹ́. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó ti ènìyàn. Bí wọ́n bá gbé surdo tó pọ̀ bíi ti Olodum sí abẹ́ ohùn yẹn, a kò ní gbọ́ ọ mọ́. Paul Simon náà ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, ẹ sì tún lọ gbọ́ "The Obvious Child": ìlù ló ni orin náà, ọkùnrin náà kàn ń wá àyè láàárín wọn ni.

Màmá-Ìbejì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo yín ń sọ ti ìlù, ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tí orin náà ń wí. Ọ̀rẹ́ kan tó ti ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni akọrin náà ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí ó jáde síta kí oòrùn òwúrọ̀ ta sí i lára, kí ó rí i pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé ìdùnnú kò tíì tán. Ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà ń bá ọmọdé sọ ni. Tennant ti lé lẹ́ni ogójì nígbà tó kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ kò fi dún bí ohùn ẹni tó wà lóde àríyá. Èmi kò gbà pé orin ayọ̀ lásán ni. Ayọ̀ tí wọ́n ń fi tu ènìyàn nínú yàtọ̀ sí ayọ̀ òde ijó, àwọn onílù Bahia pàápàá sì mọ èyí, nítorí orí ilẹ̀ tí wọ́n ti na àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń jó.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìlù tó rọ̀ ló bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mu. Ẹni tó ń tu ẹlòmíràn nínú kì í gbé ìlù ńlá wọ yàrá rẹ̀.

Ọ̀kan kékeré: ẹni tó gbọ́ Potogí yóò mọ̀ pé gbólóhùn àkọlé náà kò parí, "bí ayé bá jẹ́" ni ó ń wí. Àárín ègbè orin Olodum ni wọ́n ti gé e, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi tì í kì í sì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀. Kò dí orin lọ́wọ́.

Agbọ́hùn-Orin

Ẹ ṣeun púpọ̀, màmá. Ọ̀rọ̀ yín lórí ìtùnú ti dá Ọmọ-Àyàn lóhùn jù bí èmi ìbá ti dá a lóhùn lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ padà sí ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́-Bahia sọ nípa orúkọ mẹ́ta wọ̀nyẹn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n tí mo ń sọ, ibẹ̀ náà ni ẹ̀sùn Ọ̀jẹ̀-Wẹ́wẹ́ sì ti yẹ ká tú wò.

Bí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú orin nìyí: ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń kà sí ohun ìní ẹni tó ṣẹ̀dá orin, ohùn orin àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí a ṣe ń lùlù, wọn kì í sábà kà á mọ́ ọn. Ẹni tó lùlù sínú àwo lè gba owó iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó sì lè ní ìpín nínú ẹ̀tọ́ àwọn tó kópa nínú àwo, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò ní sí níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ni orin sí. Nígbà tí wọ́n bá wá ta orin náà, tí rédíò bá ń gbé e sáfẹ́fẹ́, tí ẹlòmíràn bá tún un kọ lẹ́yìn ogún ọdún, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni owó ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá ń lọ bá.

Nítorí náà, ẹ gbé àwọn orin méjì kalẹ̀ kí ẹ wò ó. Nínú "The Obvious Child", ìlù Olodum ni ohun àkọ́kọ́ tí ènìyàn ń gbọ́, láìsí ìlù náà kò sí orin, síbẹ̀ Paul Simon nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Nínú "Se a vida é", ìlù Olodum kò sí níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ kò tilẹ̀ ní fura, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jẹ̀-Wẹ́wẹ́ ti sọ, síbẹ̀ ọmọ Bahia mẹ́ta ló ní ìpín nínú ohun ìní náà títí di òní. Èyí tí Bahia hàn nínú rẹ̀ jù kọ́ ló jẹ́ ti Bahia jù lójú òfin. N kò sọ pé Paul Simon jalè. Ó pe àwọn onílù náà lórúkọ, ó sì gbé wọn dé iwájú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń béèrè ẹni tó gbé nǹkan lọ láìfi nǹkan sílẹ̀, Tennant àti Lowe kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ na ìka sí.

Ọmọ-Àyàn

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ sọ yìí dùn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òfin tí ẹ ń ṣàlàyé rẹ̀ kò mọ̀ pé ìlù lè sọ̀rọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, dùndún ń ki oríkì, ó ń pa òwe, ó ń bú ènìyàn, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀. Bí ẹnìkan bá gba ohùn ìyá ìlù bàbá mi sílẹ̀, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe ohùn orin àti ọ̀rọ̀ ló gbà? Surdo kì í sọ èdè bí dùndún ṣe ń sọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìlù tí Neguinho do Samba ṣẹ̀dá kì í ṣe ohun tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ènìyàn kan ló ronú kàn án, ó kọ́ ọmọ púpọ̀, ó sì kú lọ́dún 2009. Gbogbo ẹgbẹ́ tó ń lu samba-reggae káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lù.

Nítorí náà, n kò bá Pet Shop Boys jà. Wọ́n gba ohun tí òfin mọ̀, wọ́n sì pín in bí òfin ti wí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé ó sàn fún onílù pé kí wọ́n fi ìlù rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀jẹ̀-Wẹ́wẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yẹn yé mi, ẹ ṣeun. Mo wá lọ wo fídíò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó lẹ́wà ń yọ̀ nínú omi, wọ́n ń fò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Onílù kankan kò sí níbẹ̀, Bahia kò sí níbẹ̀. Níbo ni wọ́n ti yà á?

Akẹ́kọ̀ọ́-Bahia

Orlando ni, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nínú ọgbà ìṣeré omi kan tí wọ́n ń pè ní Wet 'n Wild nígbà náà. Bruce Weber, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀, òun kan náà tó ṣe fídíò "Being Boring" fún wọn lọ́dún 1990. Bí o bá fojú sílẹ̀ dáadáa, wàá rí Eva Mendes níbẹ̀, kí ó tó di gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù.

Èmi náà kò fẹ́ràn fídíò yìí, n kò sì ní fi bò. Oṣù mélòó kan péré ṣáájú ni gbogbo ayé rí Pelourinho nínú fídíò Michael Jackson, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Olodum wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n sì ń lùlù pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹgbẹ́ tí wọ́n gba orin lọ́wọ́ wọn kò ní ojú kankan nínú fídíò orin náà. Orúkọ wà lára àwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ń ka ẹ̀yìn àwo?

Ará-Peckham

Ohun tí n kò lè gbà nìyẹn. Ká ní wọ́n lọ sí Pelourinho ní ìdajì ọdún lẹ́yìn Michael Jackson, gbogbo wa ìbá máa sọ pé wọ́n ń ṣe àfarawé ni, pé wọ́n fi àwọn ọmọ adúláwọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ara wọn. Weber ya ohun tí Màmá-Ìbejì sọ: ẹ jáde síta, ẹ jẹ́ kí oòrùn ta sí yín lára. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ oríṣiríṣi ẹ̀yà. Mo gbà pé ọgbà omi ní Florida kò ní ìjìnlẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí Ọmọ-Àyàn bá ń wá ìlù gidi nínú álúbọ́ọ̀mù náà, kí ó lọ sí orin "Single", èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́tọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1996 tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ sí "Single-Bilingual". Àwọn obìnrin onílù láti Glasgow, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní SheBoom, ló ń lùlù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn méjì náà ti gba ìlù ńlá láyè, orin náà sì jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lórí oníṣòwò Yúróòpù tó ń fọ́nnu pé òun gbọ́ èdè méjì. Ìlù ńlá bá afọ́nnu mu. Lórí ìtàgé ìrìn àjò Dreamworld tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022, wọ́n so orin méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, "Single-Bilingual" ló ṣáájú, "Se a vida é" sì jáde láti inú rẹ̀.

Ọmọ-Àyàn

Àwọn obìnrin onílù láti Glasgow? Ìyẹn wù mí gan-an. Neguinho do Samba náà kúrò ní Olodum ó sì dá ẹgbẹ́ onílù obìnrin sílẹ̀ ní Salvador lọ́dún 1993, Didá ni orúkọ rẹ̀. Ní àkókò kan náà, ní ìlú méjì tó jìnnà síra, àwọn obìnrin ń gbé ìlù tí wọ́n ti ń sọ pé ọkùnrin ló ni. Màá gbọ́ "Single" lálẹ́ òní, màá sì padà wá bá yín jà bí ó bá yẹ.

Màmá-Ìbejì

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tú ká, ẹ sọ ibi tí ènìyàn ti lè rí orin yìí gbọ́ bí kò bá ní àwo àtijọ́. Ọmọ mi kan fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí, mo sì fẹ́ kí wọ́n lò ó.

Agbọ́hùn-Orin

Màmá, ó wà nínú àkójọ tí wọ́n pè ní PopArt, ti ọdún 2003, ó sì wà nínú Smash, ti ọdún 2023, tí wọ́n kó àwọn orin tí wọ́n gbé jáde lọ́tọ̀ jọ sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gbogbo iṣẹ́ wọn ní àkókò yẹn lè wá Bilingual tí wọ́n tún gbé jáde lọ́dún 2001 pẹ̀lú àwo kejì tó kún fún àwọn orin tó wà lẹ́yìn àwo nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi tiwọn bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ "Estrada da Paixão" ti Olodum títí dé òpin, kí etí yín mọ ègbè náà pẹ̀lú ìlù lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbọ́ ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù.

Màmá-Ìbejì

Ó dáa. Ní ọjọ́ ìbí náà, Olodum ni kí wọ́n lò nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń jó, kí wọ́n fi ti Tennant sí ìgbà tí wọ́n bá ń jẹun. Mo ti sọ fún ẹni tó ń bá wa ṣètò orin.

Ọ̀jẹ̀-Wẹ́wẹ́

Màmá, ẹ ti dá ẹjọ́ náà fún Ọmọ-Àyàn nìyẹn o.